Ọjọ́ tí ọ̀nà bá le: ìrírí àwa awakọ̀ tírélà l'Ékòó

Awakọ̀ kọ̀ǹténà, Apápá

Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ẹ̀yin ará mi. Àbúrò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ tírélà bi mí bóyá ó máa ń ṣe àwa tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ náà bíi ká já ọkọ̀ sílẹ̀ lójú títì ká máa lọ sílé. Ó máa ń ṣe wá. Mo ní kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà bá mi fi tiyín kún un.

Apápá ni mo ti ń gbé ẹrù. Ìbàdàn ló pọ̀ jù, ó máa ń di Ìlọrin, ó sì máa ń di Kánò nígbà tí iṣẹ́ bá dára. Àwọn tí kì í wa ọkọ̀ ńlá rò pé ọjọ́ burúkú wa ni ọjọ́ tí táyà bẹ́ tàbí tí ẹ́ńjìnì dákú. Rárá o. Bí táyà bá bẹ́, iṣẹ́ dé nìyẹn: wàá já ewé sẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀, wàá wá fọkanáísà, ẹ ó jọ dúnàádúrà, ọwọ́ á dí, ọkàn ò ní ráyè ronú. Ọjọ́ tó ń pa awakọ̀ ni ọjọ́ tí kò sí ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Ìlà ò sún. Fóònù ń dún láti ilé. O ò sì lè fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá wa kọ̀ǹténà ṣáájú ọdún 2021 mọ ìlà tí mò ń wí. Láti Mile 2, gba Coconut kọjá, títí dé ẹnu géètì èbúté Tin Can, tírélà ni. Lápá Ìjọrà lọ́hùn-ún, tírélà náà ni, ó gun orí afárá Èkó, ó tún gba Western Avenue lọ. Abẹ́ ọkọ̀ la ń tẹ́ ẹní sí. Omi ìwẹ̀, rírà ni. Ibi téèyàn máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí, wàhálà ńlá nìyẹn, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìyá ẹlẹ́wà àti àwọn tó ń se Indomie létí títì ló di ẹbí wa. Ẹlòmíràn á lo odindi ọ̀sẹ̀ kí ó tó fojú kan géètì.

Lọ́dún 2019, kọ̀ǹténà òfìfo ni mo gbé, mò ń dá a padà. Ẹ mọ̀ pé bí òfìfo ò bá tètè padà, wọ́n á máa yọ nínú owó tí ẹlẹ́rù fi dógò, ẹni tó ni ọkọ̀ ò sì ní jẹ́ kétí awakọ̀ gbádùn. Àbúrò mi obìnrin pè láti Ìkòròdú. Ìyá wa ṣubú nínú ilé ìdáná, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ apá kan ò gbé mọ́, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Mo wo iwájú, tírélà. Mo wo ẹ̀yìn, tírélà. Mọ́tò bọ́ì mi ò tíì mọ ọkọ̀ wà. Bí ìlà bá sún tí tìrẹ ò sún, wọ́n á yà ọ́ sílẹ̀, wọ́n á gba iwájú rẹ. Bó bá sì di òru, àwọn ọmọ ìta á tú bàtírì, wọ́n á fa dísẹ̀lì inú táńkì gbẹ. Mo kàn jókòó sídìí sítíárì, omi ń dà lójú mi. Mo ti rí òkú lójú ọ̀nà, mo ti sun inú igbó pẹ̀lú ọkọ̀ tó bàjẹ́, kò sí èyí tó ká mi lọ́wọ́ kò bíi ti ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Baba Haúsá kan ló wà lẹ́yìn mi. A ò tíì bára wa sọ ju “sannu” lọ. Ìlà sún, èmi ò sún, ni wọ́n bá bọ́ sílẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé ìjà ni wọ́n bá wá. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, “Dírẹ́bà, ta ló kú?” Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ìyá mi ni, ara wọn ò yá, Ìkòròdú ni wọ́n wà. Wọ́n ní, “Bọ́ sílẹ̀. Gbé kọ́kọ́rọ́ wá. Máa lọ.” Ọmọ tó ń bá wọn rìn ti mọ ọkọ̀ wà dáadáa, wọ́n gbé tiwọn lé e lọ́wọ́, àwọn fúnra wọn wá jókòó sínú tèmi, mọ́tò bọ́ì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo gun ọ̀kadà dé Mile 2, mo wọ dánfó dé Òṣòdì, láti Òṣòdì dé Kétu, láti Kétu dé Ìkòròdú. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó débẹ̀. Màmá mi ò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé èmi ni, wọn ò jẹ́ kí n gba ọwọ́ mi títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n wà láyé dòní o. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, wọn kì í sì í gbàdúrà òwúrọ̀ kí wọ́n má dárúkọ “bàbá tó jókòó sínú ọkọ̀ ọmọ mi.”

Nígbà tí mo padà, ọkọ̀ mi ti fẹ́ẹ̀ dé Coconut, kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀. Mo kó owó jáde. Baba gbà á láìjanpata, wọ́n fi gbogbo ẹ̀ ra tíì àti búrẹ́dì lọ́wọ́ mẹ-ṣáyì fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí wa.

Ohun tí mo wá ń ṣe látìgbà náà nìyí. Ibikíbi tí mo bá ti rí i pé a máa pẹ́, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, màá kí ẹni iwájú, màá kí ẹni ẹ̀yìn, a ó gba nọ́ńbà ara wa, màá sì bèèrè bóyá ẹni tó ń bá wọn rìn mọ ọkọ̀ wà. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ kọ́ ló yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ojúlùmọ̀ kiri. Lóòótọ́, láti oṣù kejì ọdún 2021 tí àwọn aláṣẹ èbúté, NPA, ti gbé Eto jáde, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń pe tírélà wọ èbúté, orí fóònù la ti ń gba ààyè, inú páàkì la sì ti ń retí ìpè. Ìdúró ṣì ni. Ṣùgbọ́n páàkì tilẹ̀ rọrùn fún ohun tí mò ń sọ yìí, torí ibi téèyàn lè jókòó ti ara ẹni wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìbínú, nítorí òun ni àbúrò wa bèèrè gan-an. Ọ̀gá ti bú ọ lórí fóònù nítorí dísẹ̀lì, agbèrò ti gba owó tó o fẹ́ fi jẹun, ebi ń pa ọ́, ni wọ́n bá wá ní ó kàn ọ́, máa bọ̀. Má tíì ṣíná. Bí inú bá ń bí mi, ẹsẹ̀ ni mo máa ń fi yí ọkọ̀ ká kí n tó gùn ún. Màá fọwọ́ kan lọ́ọ̀kì kọ̀ǹténà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe kí n fojú wò ó lásán. Màá fi irin lu táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, màá gbọ́ ohùn rẹ̀. Màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọ́ bóyá afẹ́fẹ́ búrékì ń jò. Bí mo bá fi yípo tán tí àyà mi ṣì ń gbóná, màá tún un yípo. Ọwọ́ tó bá ríṣẹ́ ṣe ló ń mú kí ọkàn mi balẹ̀, mi ò rí oògùn míì.

Ẹ sì rántí ohun tó wà lẹ́yìn wa yìí. Ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, ní Ojúẹlẹ́gba, kọ̀ǹténà já lu bọ́ọ̀sì akérò, èèyàn 9 kú. Oṣù kẹfà 2018, lórí afárá Ọ̀tẹ̀dọ́lá, táńkà epo gbiná, ọkọ̀ tó lé ní 50 jóná. Bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tó wà nínú mọ́tò kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mò ń rò, mi ò ráyè ro ọ̀gá tó bú mi mọ́.

Ti ilé kò gùn. Èmi àti ìyàwó mi ti fẹnu kò pé mi ò ní máa dá ọjọ́ tí màá wọlé. Ibi tí mo wà ni mò ń sọ: mo wà ní Ògèrè, mo wà ní Kára, mo wà ní páàkì. Wọ́n á fi ìyẹn ṣírò fúnra wọn, àwọn ọmọ ò sì ní máa fi ojú sọ́nà títí oorun á fi gbé wọn lọ.

Ìyàwó awakọ̀, Orílé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ máa bá mi kí màmá. Mo sunkún níbi tẹ́ ẹ ti ní wọn ò lè sọ̀rọ̀.

Mo ní kí èmi náà sọ̀rọ̀, torí ọjọ́ burúkú yín kì í mọ sójú títì. Baba àwọn ọmọ mi náà, tírélà ni wọ́n ń wà. Bí wọ́n bá wọlé, àwọn ọmọ á rọ̀ mọ́ wọn, wọn ò ní lè dáhùn, ojú wọn á kàn máa wo ògiri. Mo ti wá mọ̀ pé wọn ò bínú sí wa. Omi gbígbóná ni mo máa kọ́kọ́ gbé sí balùwẹ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn. Owó ilé ìwé, ẹjọ́ onílé, iná tí wọ́n gé, kò sí èyí tí mo máa ń gbé ka iwájú wọn lọ́jọ́ náà. Ó di ọ̀la.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkùnrin náà, bẹ́ ẹ bá jí lọ́jọ́ kejì, ẹ bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ má kàn wẹ̀ kẹ́ ẹ padà sídìí ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan, ilé ìtajà mi ni mo wà, rédíò 96.1 ni mo tan, wọ́n ní tírélà kan ti ṣubú ní Kára, ọ̀nà ti dí. Mo mọ̀ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti ń bọ̀. Mo pè wọ́n, fóònù ti kú. Mi ò mọ nọ́ńbà mọ́tò bọ́ì, mi ò mọ ti ẹni tó ni ọkọ̀. Mo ti ilé ìtajà pa, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mi ò lè dá oníbàárà lóhùn. Alẹ́ ni wọ́n tó pè, Ṣàgámù ni wọ́n sùn sí, kò tilẹ̀ ṣe wọ́n nǹkan kan. Wọ́n ń bi mí pé kí ló dé tí ohùn mi fi rí bẹ́ẹ̀!

Ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo ẹ̀yin tó ń kà á fi nọ́ńbà mọ́tò bọ́ì yín ránṣẹ́ sílé lónìí, kẹ́ ẹ fi ti ọ̀gá yín kún un. Ẹ ra páwà báǹkì. Bó o bá ní ìyàwó tàbí ìyá nílé, ìgbádùn kọ́ nìyẹn, ó pọn dandan.

Dírẹ́bà àgbà, Mile 2

Mo kí gbogbo yín. Ohun tí ẹ̀gbọ́n àkọ́kọ́ sọ ti tó, oorun nìkan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gba kóró oògùn jẹ ní páàkì kí oorun má bàa kùn wọ́n. Tírámádò, paraga, wọ́n á pò ó pọ̀ mọ́ ohun mímu amárají inú agolo yẹn, wọ́n á ní ara àwọn jí. Ẹnìkan tí a jọ kọ́ṣẹ́ máa ń ṣe é. Ó ní ojú òun là sílẹ̀ gbọnrangandan lọ́nà Ṣàgámù, òun ń rí títì, àmọ́ òun ò mọ ìgbà tí òun kúrò lórí ẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan lọ sí i. Ó ń ta kádì fóònù báyìí.

Bí oorun bá ti ń kùn mí, èmi a yà sí Ògèrè. Ọ̀gá tó bá ní kí ló dé tí mo dúró, mo máa ń sọ fún un pé oorun ni, mi ò ní pa á láṣírí. Èyí tó lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ẹ̀ wà, mo sì rí ọkọ̀ míì gbà.

Ohun kejì: àwọn tó ti lé lógójì ọdún nínú wa, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ìjókòó pọ̀ fún wa, oúnjẹ oníyọ̀ la ń jẹ létí títì, àníyàn wà nínú ẹ̀. Orí fífọ́ àti ìbínú òjijì tí mò ń pè ní wàhálà iṣẹ́, nọ́ọ̀sì kan ló wọ̀n mí nígbà tí mo tẹ̀ lé ìyàwó mi lọ síbi àyẹ̀wò oyún, ó ní kí n má tíì jáde kúrò níbẹ̀. Oògùn ni mò ń lò lójoojúmọ́ báyìí, inú àpò aṣọ ọrùn mi ló wà, kì í ṣe inú ọkọ̀, torí ọkọ̀ lè bàjẹ́ kí n wọ òmíràn.

Kẹ́míìsì kan lẹ́bàá Mile 2 máa ń wọ̀n ọ́n, àmọ́ kì í tètè ṣí, a sì máa ń jáde ní ìdájí. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kùtùkùtù lápá Ìjọrà tàbí Apápá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ síbí fún wa.