Ọmọ mi ọdún 15 jí nǹkan ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin òbí ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ilé o, Èkìtì kete. Ẹ má bínú ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, mi ò rí ẹni bá sọ ọ́ ládùúgbò ni, ẹnu àwọn èèyàn Adó yìí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi obìnrin, ọdún 15, SS2 ló wà. Tuesday ni wọ́n pè mí láti súpámákẹ́ẹ̀tì kan lápá Fájuyì pé kí n máa bọ̀ wá wo ọmọ mi, mo ti rò pé ọ̀kadà ló gbá a. Ìgbà tí mo débẹ̀ ó jókòó sẹ́yìn káńtà ó ń sunkún, wọ́n ti tú báàgì ìwé ẹ̀ sílẹ̀: body spray kan, lip gloss méjì, ṣokoléètì. Síkíọ́ríìtì ti ya fọ́tò ẹ̀ tòun ti yúnifọ́ọ̀mù, ó ní òun máa gbé e sí WhatsApp kí gbogbo Adó lè dá a mọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo san ìlọ́po méjì owó ọjà, mo mú ọmọ mi jáde.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kì í ṣe ebi. A ò lówó púpọ̀ àmọ́ mò ń fún un lówó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A délé mo tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mo tún bá aago ọwọ́ kan àti íápíìsì méjì níbẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló fún òun. Ọ̀rẹ́ wo? Ó dákẹ́. Bàbá ẹ̀ wà l'Ékòó, kò tíì gbọ́. Àbúrò mi ní kí n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tì í mọ́lé di alẹ́ kẹ́rù lè bà á. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé kí n sọ fún bàbá ẹ̀?

Bàbá Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú ulé o, pẹ̀lẹ́ ìyá. Àmọ́ ìkẹ́ra yìí ló ń bà wọ́n jẹ́. Nígbà tiwa wọ́n á so ìkarahun ìgbín mọ́ olè lọ́rùn, wọ́n á gbé ohun tó jí lé e lórí, wọ́n á fi yí ìlú ká, àwọn ọmọdé á máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e. Ta ló tún fẹ́ jalè lẹ́yìn ìyẹn? Ẹ nà án dáadáa kẹ́ ẹ sì pe bàbá ẹ̀ lálẹ́ òní.

Ọmọ Ìjerò:
Bàbá, èmi náà rí ti ìkarahun ìgbín yẹn ní kékeré, ọmọkùnrin kan tó wa iṣu oníṣu, kò lè ju ọdún 14 lọ. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó já sí. Ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ọwọ́ ẹ̀ dá múṣémúṣé, kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ wá fún un. Bí ewúrẹ́ bá sọnù ládùúgbò, ilé wọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà. Ó kó kúrò nílùú. Ìgbà tí wọ́n sin ìyá ẹ̀, alẹ́ ló wọlé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti lọ. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ìyá Ìbejì, fọ́tò yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju ṣokoléètì lọ, ẹ padà lọ kí wọ́n pa á rẹ́ lójú yín.

Olójà Ajílósùn:
Èmi ń ta ọjà, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í dá wá. Tí iléèwé bá ti jáde, mẹ́ta mẹ́rin ló máa wọlé pọ̀, ọ̀kan á máa béèrè iye ohun tí kò ní rà, èkejì á ní kí n bá òun gbé nǹkan lókè, kí n tó yíjú padà spray ti wọ báàgì. Wọ́n á ní bó o bá láyà lọ mú un wá, ẹni tí ò bá mú nǹkan jáde di sùẹ̀gbẹ̀. Torí náà ẹ wádìí àwọn ọ̀rẹ́ yẹn. Ẹ tún fara balẹ̀ bi í bóyá ohun kan wà tó nílò tí ò lè béèrè, mo mú ọmọbìnrin kan rí, páàdì ló jí, ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀ ló ń gbé, ojú ń tì í láti sọ. Mi ò lè bínú sí ìyẹn.

Wọ́n rò pé ọ̀gá ló ń pàdánù. Lọ́pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n bá kajà tó dín, owó oṣù ọmọ tó ń bá wọn tajà ni wọ́n máa yọ ọ́ nínú ẹ̀, ọmọ tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Èmi náà ṣe é rí, mi ò ní purọ́. Owó tẹ́ ẹ san yẹn, ẹ̀yin lẹ jìyà ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbé aago yẹn padà fúnra ẹ̀, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kó fowó ọ̀sẹ̀ ẹ̀ san èyí tó ti lò. Ẹ dúró tì í, ẹ má gbẹnu sọ fún un.

Tíṣà wọn:
Ẹ má mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá o. Lábẹ́ Child Rights Act 2003, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí Èkìtì náà ti sọ di òfin tirẹ̀, ẹni tí ò tíì pé ọdún 18 ọmọdé ni, bẹ́jọ́ bá tiẹ̀ wà, ọ̀nà tàwọn ọmọdé ló yẹ kó gbà. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn káńtà ọlọ́pàá ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ igbe "olè" lójú pópó ló ń já mi láyà jù. Ẹ rántí àwọn ọmọ yunifásítì mẹ́rin tí wọ́n pa ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, October 2012, wọ́n ní wọ́n jalè, wọn ò fojú kan adájọ́. Ẹ sọ ọ́ fún un, kó kàn mọ irú ìlú tá à ń gbé.

Bàbá Ìkẹ́rẹ́:
Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yẹn wọ̀ mí lára, mo gbà. Àmọ́ ti bàbá ẹ̀ mi ò yí padà. Tó bá lọ gbọ́ ọ níta ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an ni. A padà lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì yẹn lánàá. Íápíìsì, ibẹ̀ náà ló ti mú un, ti aago, ṣọ́ọ̀bù kan lápá Òkèṣà ni, a tún fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kàn wo aago náà, ó wo ọmọ mi, ó ní "ìwọ lo gbé e", ó ní wọ́n ti yọ owó ẹ̀ nínú owó oṣù òun. Ọmọ mi tó ti ń sunkún látilé, ẹkún yẹn dá wáí. Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa fi san fún un, èmi kọ́ ni mo dá a lábàá. Wọ́n pa fọ́tò rẹ́ lójú mi, bóyá síkíọ́ríìtì yẹn ti fi ránṣẹ́ síbòmíì mi ò mọ̀. Ọmọ mi ti dárúkọ ọ̀rẹ́ méjì, ìyá ọ̀kan nínú wọn lèmi àti ẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ gbà mí.

Bàbá ẹ̀ pè lálẹ́, mo ní kí wọ́n gbìyànjú wálé Friday yìí. Wọ́n ní ṣé kò sí o? Mo ní tẹ́ ẹ bá dé.