Ṣé kí n fi àwòrán ojú ènìyàn sílẹ̀ nítorí ewé àti àpáta?

Ìbéèrè (ayàwòrán, Ìtòkò)
Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ yìí, mo kí yín. Ọdún 11 ni mo ti fi ń ya àwòrán ojú ènìyàn fún ọjọ́ ìbí, ìwúyè àti ìsìnkú ní Abẹ́òkúta, iṣẹ́ náà sì ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ewéko ti jẹ́ kí n wo ewé ẹ̀lú, tí a fi ń ṣe aró, lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú, àwọn ihò wínníwínní tí ewé fi ń mí ni mo ń rí bí mo bá dijú. Mo tún ń gun Àpáta Olúmọ láti wo àwọn àbàwọ́n aláwọ̀ eérú tí ó lẹ̀ mọ́ òkúta, èyí tí ọ̀rẹ́ mi ní kì í ṣe ìdọ̀tí rárá, bí kò ṣe ẹ̀yà olú kan àti ohun aláwọ̀ ewé kékeré tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún àwọn méjèèjì. Àwọn oníbàárà mi ń béèrè ẹni tí yóò gbé ewé kọ́ sí pálọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn 1
Ẹ má ṣe já iṣẹ́ ojú ènìyàn jù sílẹ̀ lójijì, nítorí owó ọ̀dà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ kò fìgbà kan ya "ènìyàn" lásán. Ìyá lágbájá ni ẹ ń ya, pẹ̀lú ilà ojú rẹ̀. Ẹ ya ewé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́.

Ìdáhùn 2
Òótọ́ ni, àmọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a ń fi kun àwòrán. Maria Sibylla Merian, ayàwòrán ọmọ Jámánì, fúnra rẹ̀ ń sin kòkòrò láti ìgbà ẹyin títí tí yóò fi di labalábá; ó wọkọ̀ lọ sí Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní 1699, ìwé tí ó ṣe nípa ohun tí ó rí níbẹ̀, tí ó jáde ní 1705, sì fi kòkòrò hàn lórí ewéko. Wíwo ewé lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ máíkírósíkóòpù kò tó.

Ìdáhùn 3 (aláró, Kémta)
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ìkòkò aró wa. Bí a bá fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ní; afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di búlúù lójú yín. Ẹ ya ọwọ́ ìyá mi mọ́ ọn, oníbàárà yín yóò rí ènìyàn níbẹ̀.

Ayàwòrán
Àbúrò, o ṣeun. Aago mélòó ni ẹ máa ń fa aṣọ jáde?