Èsì: Fúẹ́ẹ̀lì túnà kì í tún epo ṣe

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ọ̀fà da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Wọ́n ní àbúrò àwọn ra fúẹ́ẹ̀lì túnà, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí iye epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì padà, sí páwà báìkì rẹ̀, àti ìgbà náà ni ọ̀kadà ọ̀hún ò ti gbádùn mọ́: súlọ́ rẹ̀ (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí a ò bá fún un níná) ń lọ sókè sódò, tó bá yí ọwọ́, kò fà bọ̀rọ̀, tó bá sì dẹwọ́, sàlẹ́ńsà á máa yìnbọn. Wọ́n wá dábàá pé ká pe ẹ̀rọ náà ní "atúnpoṣe", ká sì tú "ríìṣì" tó wà nínú ìwé rẹ̀ (ìyẹn nígbà tí epo bá pọ̀ jù fún atẹ́gùn) sí "ọlọ́rọ̀", kí "líìnì" (nígbà tí epo bá kéré jù) jẹ́ "tín-ín-rín".

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gbà. Etí ló tàn yín jẹ lórí èyí àkọ́kọ́, torí pé "túnà" jọ "tún". Epo tí a bá ń tún ṣe, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ilé ìfọpo Kàdúná fún nìyẹn. Àpótí kékeré yìí kì í fọwọ́ kan epo rárá. Àárín bíréènì bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọ̀kadà, àti nọ́sù, ẹnu tó ń fọ́n epo fún ẹ́ńjìnnì, ló ń jókòó sí. Bíréènì á ní kí nọ́sù ṣí fún ìwọ̀nba àkókò kan, àkókò tí ẹ ò tíì ní ṣẹ́jú kó tó parí. Túnà á gba àṣẹ yẹn, á fi díẹ̀ kún àkókò náà tàbí kó yọ díẹ̀ níbẹ̀, kó tó fi ránṣẹ́ sí nọ́sù. Bí nọ́sù bá ṣe pẹ́ sí ní ṣíṣí ni epo ṣe ń pọ̀ sí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ "atúnpoṣe" á rò pé kíkì í mọ́ ara ọ̀kadà ti tó, pé nǹkan ti dára nìyẹn. Ó jọ pé ohun tí àbúrò wa náà rò nìyẹn.

Ẹni tó fèsì ṣáájú mi mú "adíwọ̀npo" wá. Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ abẹ́rẹ́ tó ń fi epo táǹkì hàn ti gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ wa, mítà ilé epo náà sì lè bá a du ú. Tèmi ni "abupo". Ìdí tí mo fi mú "bù" ni pé ó ní apá méjì tí iṣẹ́ yìí gan-an fẹ́: a lè bù kún, a sì lè bù kù. Ẹ ṣí àtẹ tó wà nínú túnà lórí kọ̀ǹpútà, iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí tiróòtù (ilẹ̀kùn atẹ́gùn tí a ń fi ọwọ́ yí) ṣe ṣí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ibi tí ẹ bá ti rí 5, ó ní kí wọ́n bu ìdá 5 nínú 100 kún un ni. Ibi tí ẹ bá ti rí -3, kí wọ́n bu ìdá 3 kù. (Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní "àbùkù" ti wọ̀ ọ́. Kó kọ́kọ́ gun ọ̀kadà àbúrò ẹ̀gbọ́n wa ná.)

Ní ti "ọlọ́rọ̀", oríkì ni ìyẹn, kì í ṣe àìsàn. Ààfáà kan wà ní Gàá Àkànbí, níbí ní Ìlọrin, tó ń ṣe ọ̀kadà. Tó bá tú pílọ́ọ̀gì, ẹnu rẹ̀ ló máa ń wò. Bó bá dúdú tó gbẹ, tí èéfín rẹ̀ mọ́ ọn ní àtàǹpàkò, á ní: "Epo ló borí." Bó bá funfun bí ẹfun: "Atẹ́gùn ló borí." Ó tán. Epo bẹntiróòlù ń fẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n atẹ́gùn 14.7 sí ìwọ̀n epo 1, tí a bá fi ìwúwo wọn wọ̀n ọ́n, kó tó jóná tán láìṣẹ́kù. Tí ìwọ̀n yẹn bá ti yẹ̀, ọ̀kan nínú epo àti atẹ́gùn ló borí èkejì nìyẹn. Kí la tún ń wá ọ̀rọ̀-orúkọ ṣe nígbà tí gbólóhùn ti wà nílẹ̀?

Ó ku ọ̀kadà. Abupo olówó pọ́ọ́kú jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń pàṣẹ fún nọ́sù, kò gbọ́ ohun tí sàlẹ́ńsà ń sọ padà. Bíréènì ló ń gbọ́, nípa sẹ́ńsọ̀ tó ń yẹ èéfín wò lára páìpù sàlẹ́ńsà. Tí wọn ò bá tíì yọ sẹ́ńsọ̀ yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ bí ìwé abupo ṣe ní kí wọ́n ṣe, èkíní á bù kún, èkejì á bù kù, súlọ́ á sì máa lọ sókè sódò. Ẹ ní kí àbúrò yọ abupo, kó so wáyà àkọ́kọ́ padà, kó gùn ún. Bí ara ọ̀kadà bá yá, ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ abupo. Kó wá wo wáyà dúdú rẹ̀ bóyá ó dé orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì dáadáa, torí pé mo ti rí èyí tí wọ́n so mọ́ irin tó ní ọ̀dà. Kó wò ó bóyá àtẹ tí wọ́n kó sínú rẹ̀ bá ọ̀kadà àti sàlẹ́ńsà rẹ̀ mu, àti bóyá wọ́n ti fi ibi tí tiróòtù ti pa dé àti ibi tó ti ṣí tán hàn án. Ìbọn yẹn ń kọ́? Kó yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì sàlẹ́ńsà wò. Atẹ́gùn tó bá gba ibẹ̀ wọlé ń mú kó yìnbọn, ó sì ń purọ́ fún sẹ́ńsọ̀.

Ẹni tó béèrè bóyá òun lè fi abupo sí ọ̀kadà Boxer, kábúrétọ̀ ni Boxer ń lò, kò ní nọ́sù tí abupo máa bá sọ̀rọ̀. Jẹ́ẹ̀tì, ojú ihò kékeré tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀, ni kí wọ́n pààrọ̀.

Mo pe "máàpù" wọn ní "àtẹ" lókè yìí láìbéèrè. Àwọn ará Òmù-Àrán tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí lẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín?