Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ fọwọ́ ara mi to bátìrì fún ráútà

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Iṣẹ́ sọ́fítíwia ni mò ń ṣe, láti ilé. Bí NEPA bá mú iná, láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀, àmọ́ ráútà á kú lójú ẹsẹ̀, ìpàdé á sì já. 12V 1.5A ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Tó bá lè gbé e fún wákàtí márùn-ún, ó tó mi. Mo lè ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán, ṣùgbọ́n mo ń wá ohun tí màá máa fọwọ́ ṣe lópin ọ̀sẹ̀, tí kì í ṣe kóòdù. Àwọn fídíò tí mo wò lórí YouTube àti TikTok ta kora: ẹnì kan ní kí n ra sẹ́ẹ̀lì 18650 (bátìrì kékeré roboto) 9900mAh mẹ́ta, ẹlòmíì ní kí n fi irin sódà jó wáyà mọ́ ọn lórí. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Bàbá Wáyà:
Àbúrò, pa méjèèjì tì. Kò sí 18650 tó jẹ́ 9900mAh láyé yìí. Mìlímítà 18 ni ìbú rẹ̀, 65 ni gígùn rẹ̀; nínú àyè yẹn, èyí tó dára jù kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 3500mAh lọ. Gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré táwọn tó ń ta góòlù ń lò. Ojúlówó á wọn nǹkan bíi gíráàmù 45, ayédèrú sábà máa ń fúyẹ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti irin sódà yẹn ló burú jù. Ooru bíi 350°C á wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á sì ba awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó la àárín pósítíìfù àti nẹ́gátíìfù jẹ́. Kò ní hàn lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni sẹ́ẹ̀lì á máa dá gbẹ fúnra rẹ̀, tàbí kó máa gbóná, ẹni tó ṣe fídíò á sì ti gba láíkì rẹ̀ lọ.

Sẹ́ẹ̀lì LiFePO4 (irú lithium kan) 32700 mẹ́rin ni kí o rà, 6Ah, irú èyí tó ní bóòtù lórí àti nídìí. O ò nílò irin sódà kankan lára wọn. 3.2V lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 12.8V, bó o bá fi 6Ah sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 76.8Wh. Ráútà tó ń jẹ nǹkan bíi 9W á lò ó tó wákàtí mẹ́fà, kódà lẹ́yìn tí módù (pátákó kékeré tó ń yí fólítéèjì padà) bá ti jẹ nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ ni Bàbá Wáyà sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ti BMS dáadáa, ìyẹn pátákó tó ń gé iná kí sẹ́ẹ̀lì má bàa kún jù tàbí gbẹ jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Kí wọ́n kọ "LiFePO4 4S" sára rẹ̀ (4S ni sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó tẹ̀ léra). Tó o bá ra ti Li-ion (irú 18650 yẹn), á jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kọjá 4.2V kó tó gé iná, bẹ́ẹ̀ LiFePO4 kò gbọ́dọ̀ kọjá 3.65V.

Kó o tó tò wọ́n tẹ̀ léra, so pósítíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, so nẹ́gátíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kí o fi 3.65V, 2A gbaná sí wọn títí wọ́n fi kún. Ó lè gbà tó wákàtí méjìlá. Má sọ pé mítà ti fi 3.28V hàn lára gbogbo wọn, kó o wá fò ó. Fólítéèjì LiFePO4 kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín. Ọ̀kan lè wà ní ìdajì, kí èkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, kí mítà sì máa pè wọ́n ní ẹgbẹ́ ara wọn.

Lẹ́yìn náà, tò wọ́n tẹ̀ léra, so wáyà tín-ín-rín BMS mọ́ wọn, ṣùgbọ́n má tíì ki orí wáyà náà bọnú pátákó BMS. Gbé ẹsẹ̀ dúdú mítà sórí B- (nẹ́gátíìfù bátìrì), kí o máa fi pupa tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: nǹkan bíi 3.3, 6.6, 9.9, 13.2. Bí èyíkéyìí kò bá tẹ̀ lé ètò yìí, tún un tò. Pátákó á jóná bí o bá ki orí wáyà bọ inú rẹ̀ láìtún un tò.

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ṣájà wo ni kí n lò? Ráútà á sì wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ará Abẹ́òkúta:
Ṣájà láptọ́ọ̀pù àtijọ́, 19V, pẹ̀lú módù XL4015 tó ní bọ́tìnì fólítéèjì àti ti ámpù. Òun náà lo máa yí sí 3.65V fún iṣẹ́ tí Ìyá Ìbejì sọ. Nígbà tí bátìrì bá ti tò tán, yí i sí 13.8V, 2A. Wọ́n lè ní kí o lo 14.6V, ìyẹn dára fún ẹni tó máa yọ ṣájà bó bá ti kún. Tìrẹ á wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, 14.6V á sì tètè sọ sẹ́ẹ̀lì di arúgbó.

Fi dáyóòdù Schottky 5A (ó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) sí ẹnu ọ̀nà àbájáde módù náà, kí bátìrì má bàa máa tú iná padà sínú rẹ̀ nígbà tí NEPA bá lọ. Wọn 13.8V yẹn *lẹ́yìn* dáyóòdù, kí ráútà sì wà lórí rẹ̀ bó o ṣe ń wọ̀n ọ́n. Nẹ́gátíìfù ṣájà àti ti ráútà, P- (ẹnu BMS tó kọjú síta) ni méjèèjì ń lọ. Bó o bá so ọ̀kan mọ́ B-, BMS ò mọ ohun tó ń lọ mọ́ nìyẹn, kò sì ní gé nǹkan kan.

Fíúsì 5A lórí pósítíìfù, kó sún mọ́ bátìrì.

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè so bátìrì mọ́ ráútà tààrà?

Ará Abẹ́òkúta:
Rárá. Bátìrì á máa rìn láti 13.8V wá sí bíi 10V. Ráútà mìíràn á gbà á, òmíràn á máa kú, á máa jí nígbà tí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀, wàá sì rò pé nẹ́tíwọ́kì ni. Fi módù buck-boost (tó lè gbé fólítéèjì sókè, tó sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀) sáàárín, kó o yí i sí 12V pẹ̀lú mítà kí ráútà tó dé ibẹ̀.

Nígbà tó o bá parí, má fi àwòrán iṣẹ́ tó ń dán nìkan ránṣẹ́ síbí. Kọ fólítéèjì sẹ́ẹ̀lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tó kún, àti lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Ìyẹn ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa rí lò.

Ìyá Ìbejì:
Kí bóòtù le dáadáa o. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju àwọn yòókù lọ, bóòtù tirẹ̀ ló dẹ̀.