Àwòrán ẹ̀fẹ̀ Gillray ọdún 1805: èwo gan-an ni ojúlówó?

Olùkọ́ Ọ̀fà

Ẹ kú àsìkò yìí o. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí ní Ọ̀fà, SS2 ni mo ń kọ́. Mo fẹ́ fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ṣe ẹ̀kọ́ táámù tó ń bọ̀, ni mo bá lọ ń tú ìkànnì àwọn mùsíọ́ọ̀mù, British Museum àti àwọn míì. Èyí tó wù mí jù ni ti James Gillray, ọdún 1805. Pitt tó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Napoleon jókòó sídìí tábìlì, ayé wà nínú àwo láàárín wọn bíi púdìn, kálukú ń gé tiẹ̀.

Ohun tó rú mi lójú ni pé mo rí i ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan aláwọ̀, ọ̀kan dúdú lórí funfun, aláwọ̀ míì tún wà tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti àkọ́kọ́ mu. Èwo ni Gillray fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Àti pé, mo rí àwọn kan níbẹ̀ tí wọ́n fi èèyàn dúdú ṣe yẹ̀yẹ́, ojú tì mí fún ẹni tó yà á. Ṣé kí n fi han àwọn ọmọ ni àbí kí n fò ó?

Atẹ̀wé Tàíwò

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe ní òpópónà Tàíwò, nílùú Ìlọrin níbí: ìwé ìnáwó, kàlẹ́ńdà wòlímọ̀, pósítà olóṣèlú nígbà ìbò. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè àkọ́kọ́, torí ó bá mi nílé.

Pléètì ni Gillray fọwọ́ ṣe. Gbogbo bébà tó bá ti ara pléètì yẹn jáde, ojúlówó ni. Ó mú bàbà pẹlẹbẹ, ó fi ìda pa ojú rẹ̀, ó wá fi abẹ́rẹ́ ha àwòrán sára ìda náà títí bàbà fi yọjú. Tí ásíìdì bá kan bàbà yẹn, ibi tí abẹ́rẹ́ ti kọjá nìkan ló máa jẹ wọlé. Wọ́n á wẹ ìda kúrò, wọ́n á fi ínkì kùn ún, wọ́n á nu ojú rẹ̀ mọ́ kí ínkì lè kù sínú ìlà nìkan. Bébà tí wọ́n ti rẹ sómi ni wọ́n á tẹ́ lé e, wọ́n á tì í gba àárín rólà méjì. Bébà tútù rọ̀, á wọnú ìlà lọ fa ínkì jáde. Ẹ wo etí àwòrán náà dáadáa, ẹ máa rí àpá onígun mẹ́rin tí etí bàbà tẹ̀ sínú bébà, àfi tí ẹnì kan bá ti gé etí rẹ̀ kúrò. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ ńkọ́? Ìdàkejì ni wọ́n kọ ọ́ sórí bàbà kó lè tọ́ lórí bébà. Èmi tí kọ̀ǹpútà ń bá yí i, mo kí Gillray fún ìyẹn.

Àwọ̀ kò sí nínú pléètì. Àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti àwọ̀ olómi kun ún lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ aláwọ̀ á sanwó jù. Ìdí nìyẹn tí méjì kò fi lè bára mu délẹ̀délẹ̀.

Àmọ́ ẹ kíyè sí èyí tí kò ní àwọ̀. Gillray kú ní 1815, pléètì rẹ̀ kò kú. Henry Bohn rà wọ́n, ó sì tún wọn tẹ̀ sínú ìwé ńlá ní 1851. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní àwọ̀, iwájú àti ẹ̀yìn bébà ló sì tẹ̀ wọ́n sí, nítorí náà tí ẹ bá rí i pé òjìji àwòrán míì ń hàn láti ẹ̀yìn, ti Bohn lẹ ń wò yẹn. Ọdún 1805 ṣì máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀ o, torí inú bàbà ló wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ yẹn máa ń ṣì lọ́nà.

Ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, òfin ló mú un débẹ̀. Láti 1735 ni òfin ilẹ̀ wọn ti sọ pé kí orúkọ àti ọjọ́ tí àwòrán jáde wà lára rẹ̀ kí ẹlòmíì má bàa jí i tẹ̀. Hogarth ayàwòrán wà lára àwọn tó jà fún un. Ẹ máa rí i lára púdìn yẹn: 26 Fẹ́búárì 1805, H. Humphrey, ilé kẹtàdínlọ́gbọ̀n, St James's Street. Hannah Humphrey nìyẹn, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù. Inú ilé rẹ̀ ni Gillray ń gbé, ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń lẹ àwòrán tuntun mọ́, ẹni tí kò lówó á dúró níta wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Jánúárì ọdún yẹn ni Napoleon kọ lẹ́tà àlàáfíà sí ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àlàáfíà tí Gillray rí níbẹ̀ ni pé kí Faransé gé Yúróòpù jẹ, kí Gẹ̀ẹ́sì fi fọ́ọ̀kì gún òkun. (Òun náà wà lára àwọn tó sọ Napoleon di ràrá. Ọkùnrin yẹn kò kúrú ju àwọn ará Faransé ìgbà rẹ̀ lọ.)

Tí ẹ bá fẹ́ àlàyé, ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ ní British Museum: BM Satires 10371. Obìnrin kan, M. Dorothy George, ló jókòó ti àwòrán ẹ̀fẹ̀ láti ọdún 1771 sí 1832 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ àti ẹni tí wọ́n ń bú. Ìwé rẹ̀ ń jáde láti 1935 títí di 1954. Tí kì í bá ṣe òun ni, ta ni ì bá mọ ìdajì wọn?

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ́ ọmọ, púdìn kọ́ ni máa kọ́kọ́ gbé jáde. Máa gbé owó George Cruikshank, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ míì, jáde. Ní 1797 ni Bank of England dáwọ́ góòlù sísan dúró, wọ́n wá ń tẹ owó bébà pọ́n-ùn kan. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ kò le rárá, ẹnikẹ́ni tó bá ní pléètì lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Tálákà tí wọ́n bá sì ká ayédèrú yẹn mọ́ lọ́wọ́ tó ń ná an, ó lè dé ìdí okùn. Èèyàn tó lé ní 300 ni wọ́n fi ìdí ayédèrú owó pa kó tó di 1821. Ní Jánúárì 1819, Cruikshank àti William Hone tó ń tẹ ìwé gbé “owó” tiwọn jáde. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá wò ó, owó ni. Ẹ tún un wò: àwọn tí wọ́n so rọ̀ tò lọ bẹẹrẹ, okùn ìsokọ́ ló ká di àmì pọ́n-ùn, obìnrin tó dúró fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ ọmọ. Ẹni tó sì fọwọ́ sí i ni J. Ketch, orúkọ tí ará London fi ń pe ẹni tó ń yẹgi fún ọ̀daràn. Ẹ fún ọmọ SS2 ní igba náírà kan lọ́wọ́ ọ̀tún, kó di bébà yìí mú lọ́wọ́ òsì. Ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó máa wá a.

Ìyá Rahmat

Atẹ̀wé, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹ fo ìbéèrè kejì. Èmi kò fẹ́ kí wọ́n fi àwòrán Sarah Baartman, obìnrin dúdú ará South Africa, han ọmọ mi. Láti Cape ni wọ́n ti mú un lọ London ní 1810, wọ́n gbé e kalẹ̀ ní Piccadilly kí àwọn èèyàn máa sanwó wá wo ìdí rẹ̀, àwọn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ yìí náà sì pawó lórí rẹ̀. Ó kú ní Paris ní 1815, wọ́n tún kó egungun rẹ̀ sí mùsíọ́ọ̀mù. Ọdún 2002 ni wọ́n tó gbé e padà wálé. Kí lọmọ fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀?

Ọmọ Ọ̀wọ̀

Ẹ má fi òyìnbó nìkan kún bọ́ọ̀dù o. Akínọlá Láṣekan ńkọ́? Láti 1944 ló ti ń ya tirẹ̀ sínú ìwé ìròyìn West African Pilot, tó ń fọwọ́ sí i ní “Lash”, tó ń na ìjọba amúnisìn lẹ́gba.

Atẹ̀wé Tàíwò

Ìyá Rahmat, lórí ti Sarah, mo wà lẹ́yìn yín. Ọmọ SS2 máa rẹ́rìn-ín ìdí ni, ẹ̀kọ́ ti lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí olùkọ́ fọ gbogbo rẹ̀ mọ́. Cruikshank tó káàánú àwọn tí wọ́n ń so rọ̀ yẹn, ní ọdún 1819 kan náà ló ya “The New Union Club”, níbi tó ti fi àwọn dúdú àti àwọn tó ń jà lòdì sí òwò ẹrú ṣe ẹlẹ́yà níbi àsè, tí èèyàn ń ṣubú lulẹ̀, tí ọtí ń dà. Ọwọ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ọmọ tó bá rí àkọ́kọ́ nìkan á rò pé ẹni ire pátápátá ni.

Kí olùkọ́ wá fi Clapperton tì í. Ní 1826 ni òyìnbó arìnrìn-àjò yìí dé Ọ̀yọ́-Ilé, lọ́dọ̀ Aláàfin, wọ́n ṣe eré eégún fún un. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1829, òun fúnra rẹ̀ ròyìn pé aṣọ kan rọra ṣí kúrò lórí eégún, orí funfun yọ, gbogbo èrò hó yèè. Eégún náà funfun bí ìda, ó rù hangogo, òtútù mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọdún méje péré lẹ́yìn owó Cruikshank nìyẹn. Clapperton gbà pé wọ́n ṣe é dáadáa.

Ìyá Rahmat

Ìyẹn dùn mọ́ mi. Ti Sarah ni mo ṣì dúró lé.

Olùkọ́ Ọ̀fà

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ti Sarah kò ní wọ kíláàsì mi. Atẹ̀wé, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn tẹ nǹkan, àmọ́ ásíìdì kò ṣeé gbé wọ kíláàsì.

Atẹ̀wé Tàíwò

Ẹ má dá a láṣà! Ẹ lọ bẹ hòsípítù fún fíìmù X-ray tí wọn ò lò mọ́. Kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ha á, kí wọ́n fi àkísà pa ínkì sí i, kí wọ́n nu ún, kí wọ́n tẹ́ bébà tó lọ́rinrin lé e, kí wọ́n wá fi ẹ̀yìn ṣíbí rin ín mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ rán an létí pé ìdàkejì ni. Ínkì ọ́fúsẹ́ẹ̀tì dúdú ló dáa jù. Ẹ gbé ike bọ́tà òfìfo wá sí Tàíwò tí ẹ bá wọ Ìlọrin, máa bu díẹ̀ sí i fún yín.