Delaware ní ká san $85,165, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston)
Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú pé mo ń pariwo láàárín òru. Lẹ́tà wọlé lónìí láti Delaware, ìpínlẹ̀ tí a ti forúkọ ilé-iṣẹ́ wa sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ wa jẹ owó orí ọdọọdún $85,165, kí a san án kó tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. $6,200 péré ló wà ní báńkì, a kò sì ní dúkìá mìíràn. Áàpù tó ń bá àwọn ìsọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ wa ka ọjà ni, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń ṣe é. Àwọn tó bá wa forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ ìpín (share) mílíọ̀nù mẹ́wàá sínú ìwé, àwa ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọkọ mi ò tíì gbọ́. Ṣé wọ́n lè gba ilé lọ́wọ́ wa?

Bọ̀ọ̀dá Akáúńtáǹtì (Atlanta)
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gba ilé. Ọ̀nà méjì ni Delaware fi ń ṣírò owó yìí, èyí tó wọ́n jù ni wọ́n kọ ránṣẹ́ sí ọ. Ọ̀nà kìíní ń ka ìpín tí ìwé gbà yín láyè láti ní: $250 fún 10,000 àkọ́kọ́, $85 lórí 10,000 kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni $85,165 ti wá. Ọ̀nà kejì ń wo ohun tí ilé-iṣẹ́ ní. Ẹ kó dúkìá yín jọ, ẹ pín in sí iye ìpín tí ẹ ti fún ènìyàn, ẹ fi ohun tó bá jáde lọ́nà mílíọ̀nù mẹ́wàá. Tí kò bá kọjá $1,000,000, $400 lẹ máa san, pẹ̀lú $50 fún ìwé ọdọọdún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn lẹ ti máa kọ gbogbo rẹ̀.
Mélòó lẹ ti pín?

Àdìó (Dallas)
Ìbéèrè tí Bọ̀ọ̀dá fi parí yẹn, ẹ má fò ó. Èmi ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ìwé tèmi gba ìpín mílíọ̀nù márùn-ún. Mo pín 5,000 péré fún ara mi, mo ní kí ìyókù wà nílẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀. Dúkìá wa jẹ́ $12,000. Pín in sí 5,000, $2.40 ni. Fi lọ́nà mílíọ̀nù márùn-ún, ó di $12,000,000. $400 lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, $4,800 nìyẹn. Owó tí mo fẹ́ fi parí áàpù mi ni. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ fún oṣù márùn-ún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston)
Ẹ̀gbọ́n Àdìó, ẹ pẹ̀lẹ́. Àyà mi tún já. Mi ò rántí pé a pín nǹkan kan. A kàn jọ sọ ọ́ pé ìdajì-ìdajì ni.

Bọ̀ọ̀dá Akáúńtáǹtì (Atlanta)
Àsọ̀gbà ẹnu kò tíì di ìpín. Wá ìwé tí ẹ fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí olùdarí, àti ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì fi ra ìpín, ì báà jẹ́ dọ́là mélòó kan. Tó bá jẹ́ 8,000,000 lẹ pín nínú 10,000,000, $400 ni, ẹ lọ sùn. Tó bá jẹ́ 100 ni, ọ̀nà kejì yóò tilẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí ẹ kò bá pín nǹkan kan rárá, lọ́yà ni kí o pè láàárọ̀, mi ò ní fi ẹnu lásán tọ́ ọ sọ́nà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọjọ́ kọjá. $200 ni owó ìtanràn, èlé 1.5% a sì máa gorí owó náà lóṣooṣù.

Ìyá Ìbejì (Maryland)
Ta ló tiẹ̀ ní kí àwọn ọmọ yìí lọ Delaware? Mo ń lọ ẹ̀wà àkàrà, mo ń rọ ọ́ sínú ọ̀rá, mo ń tà á. Ọdún kẹsàn-án rèé. LLC ni mo forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, irú ilé-iṣẹ́ tí kò ní ìpín bíi tiyín, níbi tí mò ń gbé. Ìsọ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń gbà á lọ́wọ́ mi. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ olùdókòwò kankan. Àjọ ni. Àwa obìnrin ogún, $500 lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó $10,000. Àjọ ọdún kejì ni mo fi ra ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá. Kò sẹ́ni tó lè kọ lẹ́tà òru sí mi.

Àbẹ̀kẹ́ (Chicago)
Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, ọwọ́ yín ni ẹ̀wà tí à ń jẹ nílé ti ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà àti áàpù kì í hù bákan náà. Ẹ lọ àpò kan, ẹ tà á, èrè rẹ̀ wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ fi ra àpò méjì. Áàpù lè jẹ owó ọdún méjì kó tó pa dọ́là kan. Tó bá wá dúró tán, ìnáwó ìsọ̀ mẹ́fà àti ti ẹgbẹ̀ta kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Torí ẹ̀ ni àwọn olówó fi ń lé e. Y Combinator, àwọn olùdókòwò tó ń ran ilé-iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́, ń gbé $500,000 kalẹ̀ fún ẹni tó bá mú: $125,000 fún 7%, ìyókù fún ìpín tí wọn ò tíì dá iye rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí SAFE (àdéhùn tí owó á fi di ìpín lọ́jọ́ iwájú). Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ wọ inú LLC. Ẹni tó bá ń retí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó bá a mu.
Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìdajì-ìdajì yẹn. Èmi àti ẹnìkejì mi pín in bẹ́ẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Nínú oṣù kẹrin, ó rí iṣẹ́ gidi, ó lọ. Ìdajì ilé-iṣẹ́ bá a lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń dá ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Olùdókòwò mẹ́ta wo ìwé wa, wọ́n dìde lọ. Ẹ jẹ́ kí ìpín máa dé ọwọ́ yín díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá lọ kí ọdún kan tó pé, kó lọ lọ́wọ́ òfo.

Àdìó (Dallas)
Àǹtí, mi ò gbà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. O ò lè pe ènìyàn wá bá ọ dáko, kí o máa fi okùn so ọ̀dùnkún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ń ronú ìpínyà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má bẹ̀rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ (Chicago)
Àdìó, ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́tàlá ni tèmi. Mo jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó nígbà ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Akáúńtáǹtì (Atlanta)
Àbẹ̀kẹ́ ló jàre. Mo ń fi kún un: tí ìpín bá ń dé díẹ̀díẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ péré lẹ ní láti fi 83(b) ránṣẹ́ sí IRS, àwọn tó ń gba owó orí. Ìwé tó ní kí wọ́n ka owó orí lórí gbogbo ìpín lọ́jọ́ tí ẹ gbà á ni. Fọ́ọ̀mù 15620 wà fún un báyìí. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá, ẹ̀bẹ̀ ò sí. Ìpín tó bá dé lóṣù yìí, lórí iye tó tó lóṣù yìí ni wọ́n máa gba owó orí, nígbà tí ẹ kò tíì rí dọ́là kan he níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi owó ilé-ìwé ọmọ san án.

Àdìó (Dallas)
Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n má so ó nìyẹn! Bí kò bá sí okùn, kò sí 83(b), kò sí wàhálà.

Àkànní (Peckham)
Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ kú ìnira. Níbí, ní Ìlú Ọba, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ti ènìyàn sẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré. Láti 2012 ni SEIS, ètò ẹ̀dínwó owó orí fún ẹni tó bá ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tuntun, ti wà. Bí ẹnìkan bá fi £10,000 sínú ilé-iṣẹ́ rẹ, wọ́n á yọ £5,000 nínú owó orí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè kó tó £250,000 jọ lọ́nà yìí. Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo kọ ìwé ìpín fún ènìyàn mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí owó wọn tó wọlé, mo ní mo ń yá wọn lára. Òfin ní kí owó ti pé kí ìpín tó jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdánù ẹ̀dínwó náà. Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú wọn, oṣù méje la fi jókòó nínú ilé Ọlọ́run kan náà láìkí ara wa.

Ìyá Ìbejì (Maryland)
Ah, Àkànní. Ṣé ẹ ti parí ìjà?

Àkànní (Peckham)
A ti parí rẹ̀, Màmá. Ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni mo bá a lọ sí Ìlọrin.

Bọ̀ọ̀dá Akáúńtáǹtì (Atlanta)
Kí Peckham má fi ìjọba dẹ́rù bà wá. Atlanta ni Tope Awotona, ọmọ Èkó, ti bẹ̀rẹ̀ Calendly, áàpù tó ń bá ènìyàn ṣètò àkókò ìpàdé, ní 2013. Gbogbo owó tó fi pamọ́ ló dà sí i. Ní 2021, wọ́n díye lé e, ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Kí ẹnikẹ́ni mú tirẹ̀ wá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston)
Bọ̀ọ̀dá, Houston náà ń bọ̀ o. Ilé ìtajà Sears àtijọ́ ni wọ́n sọ di Ion, ibẹ̀ la ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ooru kì í wọ ibẹ̀.

Àdìó (Dallas)
Houston tí òjò kan ń gbé mọ́tò lọ. Àbúrò, ṣé ẹ ti forúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní Texas? Delaware nìkan kò tó bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ níbí. $750 ni. Ìwé ọdọọdún ti Texas náà sì ń bọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston)
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan-ọ̀kan.

Àbẹ̀kẹ́ (Chicago)
Gbogbo yín ń pe ilé ńláńlá. Yàrá kan ní òpópónà Herbert Macaulay, ní Yaba, l'Ékòó, CcHub, ibùdó àwọn tó ń dá ilé-iṣẹ́ áàpù sílẹ̀, ibẹ̀ lojú mi ti là. UNILAG lápá kan, Yabatech lápá kejì, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó yá kánkán nílẹ̀, iná kì í lọ níbẹ̀. Ẹni tó mọ kóòdù á jókòó ti ẹni tó mọ owó kà. O béèrè ọ̀rọ̀, ẹni mẹ́rin dìde láti dá ọ lóhùn. Ní 2016 ni Y Combinator mú Paystack, ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní 2020 Stripe, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní Amẹ́ríkà, rà á, gbogbo wa níhìn-ín ló jókòó tì fóònù, à ń sunkún ayọ̀. Mo ti wá irú yàrá yẹn ní Chicago fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní kọfí tó dára. Ẹnikẹ́ni kì í dìde.

Àkànní (Peckham)
Àti ẹ̀wà àgànyìn tó ń bọ̀ lórí ìyá yẹn ní aago mọ́kànlá.

Àbẹ̀kẹ́ (Chicago)
Má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston)
Mo ti rí ìwé kan nínú ímeèlì! 4,000,000 lórúkọ mi, 4,000,000 lórúkọ ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kò sí ìfọwọ́sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án. Ṣé ó kà?

Ìyá Ìbejì (Maryland)
Ọlọ́run ṣeun, ọmọ mi. Sọ fún ọkọ rẹ láàárọ̀, kó má gbọ́ ọ níta. Èwo ni Ìjẹ̀bú? Òde ni àbí Igbó?

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston)
Ìjẹ̀bú-Igbó ni, Màmá. Láti ìgbà tí lẹ́tà yìí ti dé, ìkọ́kọrẹ́ màmá mi nìkan ló ń wù mí jẹ.

Àdìó (Dallas)
Ìkọ́kọrẹ́! Níbo lèèyàn ti ń rí ewùrà ní Texas? Iṣu lásán ni wọ́n ń tà fún wa ní Dallas.

Ìyá Ìbejì (Maryland)
Áàpù yín tó ń ka ọjà yẹn ńkọ́? Ṣé kò lè sọ ibi tí ewùrà wà ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Houston)
Ó lè sọ ọ́, Màmá. Ìsọ̀ mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ n wò ó... Ewùrà wà ní méjì. Èyí tó wà nítòsí wa ṣẹ́ku mẹ́rìnlá.

Àdìó (Dallas)
Wákàtí mẹ́rin ni láti ọ̀dọ̀ mi. Ẹ bá mi mú márùn-ún pamọ́, mò ń bọ̀ ní Sátidé.