Èsì: Eṣúṣú kì í ṣe "kòkòrò amùjẹ̀"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a máa pe ẹ̀yà eṣúṣú ní "kòkòrò amùjẹ̀" nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn.

Lẹ́nu wa, kòkòrò gba gbogbo nǹkan: èyí tó ń jẹ ẹ̀wà, èyí tó ń jẹ eyín, títí kan èyí tí a kò lè fojú rí. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ẹ̀wẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ń fi pè. Eṣúṣú kò lẹ́sẹ̀ kankan. "Amùjẹ̀" náà kò tán ọ̀rọ̀: igi kan ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, àwọn eṣúṣú kan sì wà tí kì í mu ẹ̀jẹ̀ rárá. Odidi ekòló ni wọ́n ń gbé mì, bẹ́ẹ̀ ìbátan wọn ni ekòló!

Annelida ni ìsọ̀rí tó kó àwọn méjèèjì pọ̀, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí òrùka kékeré. Ẹnìkan ní ká pè é ní "aláwẹ́". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n awẹ́ obì ṣeé yà fúnni jẹ. "Olórùka-ara" ni tèmi. Ewu kan wà níbẹ̀ ṣá: lára ekòló, òrùka kan lóde, abala kan (ìyẹn ìpín ara gan-an) ni. Ti eṣúṣú kò rí bẹ́ẹ̀. Lára Hirudo medicinalis, ẹ̀yà eṣúṣú kan tí Linnaeus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden, sọ lórúkọ ní 1758, abala kan láàárín ara ń ní òrùka márùn-ún lóde. Kí olùkọ́ má lọ ní kí ọmọ ka òrùka kó tó mọ iye abala o.

Clitellata, ìsọ̀rí abẹ́ rẹ̀, ló pa mí lẹ́rìn-ín. Gàárì ẹrù ni Látìnì rẹ̀, nítorí ibi tó ki lára ekòló, tó ń ṣe àpò ẹyin. (Ti eṣúṣú kì í hàn àfi lásìkò ìbímọ.) "Onígàárì" tọ́, àmọ́ ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ẹnìkan á béèrè iye kóńgò kan. "Onígbànú" ni mo fara mọ́.

Ní ti Hirudinea, ìsọ̀rí àwọn eṣúṣú fúnra wọn, ẹ jẹ́ ó máa jẹ́ eṣúṣú. Bíbélì lò ó nínú Òwe 30:15, kò sì sí ẹni tó béèrè ìtumọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń pe ibi tó ki lára ekòló yẹn nílùú yín?